Ohùn Àárín

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, ẹ̀rọ awárin méjì tí ń wá irin lábẹ́ ilẹ̀ ló wà lọ́wọ́ Tíṣà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù Elétíọfẹ ló wà, níbi tí wọ́n ti ń tún rédíò ṣe, tí wọ́n sì ń ta ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún àwọn arúgbó. Ọkọ rẹ̀ ní òun ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ kí àwọn lè jọ yan èyí tí wọn yóò rà. Ó ti pẹ́.

"Ẹ má gbé e bí ìgbálẹ̀, Tíṣà," ni Elétíọfẹ ń wí. "Kì í ṣe pé ẹ fẹ́ gbálẹ̀. Ẹ fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ilẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àṣírí kì í fi ọwọ́ líle mú ẹni tó fẹ́ sọ ọ́."

Fóònù rẹ̀ dún. Nọ́ńbà ilé iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ni. Ó gbé e, kò sì jẹ́ kí ẹni tó pè é lanu.

"Ọ̀gá Jórin, o tún ti gbàgbé, àbí? Mo ti dúró títí ẹsẹ̀ mi ti fẹ́ ta gbòǹgbò."

Ẹni tó wà lódì kejì mí kanlẹ̀. Kì í ṣe ọkọ rẹ̀.

"Màmá," ni ohùn náà wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó," ni Tíṣà wí, bẹ́ẹ̀ orí ìdúró ló wà.

Nígbà tí Tíṣà gbọ́ ọ tán, Elétíọfẹ gba awárin méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń gba ọmọ tó ti sùn lọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí aláròyé, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ dákẹ́.

Tíṣà àti ọkọ rẹ̀ ló sọ ẹ̀rọ náà ní awárin. Ọ̀pá gígùn kan ni, ó ní àwo pẹrẹsẹ nísàlẹ̀. Ènìyàn á máa fì í lọ, á máa fì í bọ̀ lórí ilẹ̀, bí irin tàbí idẹ tàbí bàbà bá sì wà lábẹ́ erùpẹ̀, á ké. Àwọn kan ń fi Sátidé wo bọ́ọ̀lù, àwọn kan ń fi í sùn. Tọkọtaya yìí ń fi tiwọn wá ohun tó sọnù lọ́wọ́ àwọn tó ti kú. Wọn kò rí wúrà rí. Kọ́kọ́rọ́ tí kò ní ilẹ̀kùn mọ́ ni wọ́n ń rí, àti ìkọ́ bẹ́líìtì, àti ṣíbí, àti owó bàbà ayé àtijọ́ tí ojú rẹ̀ ti pa rẹ́. Ọkọ a fọ̀ wọ́n, a tò wọ́n sójú fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

"Àgbàlagbà méjì, ẹ̀ ń ha ilẹ̀ kiri bí adìẹ! Lọ́jọ́ kan ẹ ó hú ohun tí ẹ ó máa bẹ̀ pé kó padà sílẹ̀."

Jórinjórin ni ọkọ rẹ̀. Láti ọ̀dọ́ ló ti ń fi iná so irin mọ́ irin, ariwo òòlù àti ti ẹ̀rọ tí ń lọ irin sì ti gba etí lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń gba etí odò. Olùkọ́ orin ni ìyàwó ní ilé-ìwé ìjọ. Kò sí ọmọ tó gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá tí kò mọ dò, re, mí. Òun ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ohùn mẹ́ta ni awárin ní. Bí irin bá wà nísàlẹ̀, a ké dò, ohùn ìsàlẹ̀. Bí bàbà tàbí fàdákà bá wà níbẹ̀, a ké mí, ohùn òkè. Re, ohùn àárín, ni í fi kí idẹ àti àwọn nǹkan pẹ́pẹ̀pẹ́: òrùka, bọ́tìnnì, àti ìkọ́ tí wọ́n fi ń ṣí agolo ohun mímu, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní òrùka agolo.

"Ẹ̀rọ yìí lọ ilé-ìwé ìjọ," ni Tíṣà wí nígbà náà. "Dò, re, mí. Èdè wa kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ènìyàn bá mọ bí a ṣe ń tò ó, á sọ̀rọ̀."

Àwàdà ló fi ṣe, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ gbé e wálé. Ó fi owó bàbà kan sínú àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀. Òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì, idẹ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló gé e lára ẹnu ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́, tó sì fi fáìlì rẹ́ ẹ títí ó fi dán, nígbà tí wọn kò ní ohun tí wọ́n lè fi ra wúrà. Bàtà iṣẹ́ rẹ̀ ní irin nímú. Nítorí náà, bí wọ́n bá wà lórí pápá, tó bá fẹ́ pe ìyàwó rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kejì, a gbé àwo awárin sáyà: mí. A gbé e kọjá lórí ọwọ́: re. A sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí bàtà: dò.

Mí, re, dò. *Máa bọ̀.*

Àyà, ọwọ́, ẹsẹ̀. Bí àdúrà ló rí. Tíṣà a gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn, a sì pariwo pé, "Mò ń bọ̀ o!", ọkọ kò sì ní í gbọ́.

Ohun tí ó mú wọn ronú awárin kejì nìyẹn. "Èmi lè pè ọ́, ìwọ ò lè dá mi lóhùn," ni ọkọ wí. "Odidi tíṣà orin, o ń kígbe bí ẹni ń lé ewúrẹ́! Jẹ́ ká ra tìrẹ. Bí mo bá ní *máa bọ̀*, ìwọ náà á ní *mò ń bọ̀*, màá sì máa wo ọwọ́ rẹ."

"Dò, mí, dò," ni Tíṣà wí.

"O ò rí i? O ti mọ̀ ọ́n ṣáájú kó tó dé."

Ṣùgbọ́n Sátidé tó kẹ́yìn, ìjà ni wọ́n gbé lọ sí pápá. Ìjà kékeré ni, irú èyí tí ènìyàn kì í rántí bí ó bá jẹ́ pé ẹni méjì náà wà láyé. Tíṣà ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ló yẹ kí àwọn fi owó náà rà. Ọkọ ní kò sí ohun tó ṣe etí òun, ẹnu ìyàwó òun ló ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ dé pápá ilé-ìwé àtijọ́ tí wọ́n máa ń lọ, níbi tí òpó góòlù kan ṣoṣo ṣẹ́ kù sí, tó ti dógùn-ún. Tíṣà jókòó sí ẹnu géètì. Ọkọ gbé awárin, ó wọ inú koríko lọ.

Nígbà tí oòrùn ti ń rọ̀, Tíṣà gbọ́ ọ láti ìdí òpó góòlù. Oòrùn wà lójú rẹ̀, kò rí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ dáadáa. Òjìji gíga kan ló rí. Ṣùgbọ́n ohùn dé etí rẹ̀ ketekete.

Mí. Lẹ́yìn náà, dò.

*Má bọ̀.*

"Ṣé bí ó ṣe kàn nìyẹn," ni ó wí lábẹ́lẹ̀. Ó tún gbọ́ ọ: mí, dò. *Má bọ̀.* Ó yí ẹ̀yìn padà sí i, ó sì ń wo ọ̀nà.

Ó pẹ́ kí ọkọ rẹ̀ tó dé, erùpẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti jí nǹkan.

"O ò wá," ni ó wí.

"Ta ló ní kí n wá?"

Ọkọ mi orí. "Kò burú. Nǹkan àkọ́kọ́ tí awárin tuntun rẹ bá rí, èmi ni yóò jẹ́."

Inú ṣì ń bí Tíṣà lọ́jọ́ náà. Kò bi í léèrè ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Kí ọ̀sẹ̀ tó tán, ọkàn ọkọ rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tó ti ń jó irin. Iná inú ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ pa kí wọ́n tó gbé e.

Ilé ìwòsàn kó ẹrù rẹ̀ fún Tíṣà nínú àpò ọ̀rá: bẹ́líìtì, kọ́kọ́rọ́, aago tó ṣì ń rìn, bàtà, àti owó bàbà inú àpò àyà. Ó tú àpò náà sórí ibùsùn, ó tún un tú. Kò sí òrùka.

Ó pe ilé iṣẹ́. Wọ́n ní láti ọjọ́ Ajé ni àwọn ò ti rí òrùka lọ́wọ́ ọ̀gá. Àwọn rò pé iṣẹ́ ló bọ́ ọ fún.

"Kò bọ́ ọ fún iṣẹ́ rí," ni Tíṣà wí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ti wá bá a gbé. "Ó ti jóná mọ́ ọn lọ́wọ́ rí, kò bọ́ ọ."

Ẹ̀gbọ́n ń ká aṣọ. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó gbé e mì. Ṣùgbọ́n Tíṣà ti mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀, nítorí òun náà ni ó wà lọ́kàn tirẹ̀: ọkùnrin ní kí ìyàwó òun má bọ̀, ó sì bọ́ òrùka. Ó wá kú. Kò sí ẹni tí a lè bi pé kí ló dé. Ikú dára ju ọ̀rọ̀ yẹn lọ. Ikú kò bá ẹnikẹ́ni jà kó tó mú un. Ṣùgbọ́n bí ìfẹ́ bá ti kúrò nílé kí ikú tó wọlé, kí ni opó ń sunkún lé lórí?

Lẹ́yìn ìsìnkú ni awárin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nínú ilé.

Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ọkọ máa ń gbé e tì. Ní àṣálẹ́ ọjọ́ kan, Tíṣà ń gé ewé gbígbẹ kúrò lára òdòdó inú ìkòkò, ó gbọ́ mí, ó sì gbọ́ dò. Ó rò pé fíríìjì ni. Ó tún dún. Ó lọ síbẹ̀, iná kékeré orí ẹ̀rọ náà kò tàn. Ó yọ bátìrì inú rẹ̀, ó kó wọn sínú dúrọ́ọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó ń ṣe àtúnyẹ̀wò ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé lórí tábìlì oúnjẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń tẹ bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá.

Mí. Dò.

Ẹ̀gbọ́n yọ jáde, ìrọ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀ bí asà.

"Kí nìyẹn?"

"Awárin ni."

"Ẹni tó ti kú ló ń lò ó, àbí bátìrì tó wà nínú dúrọ́ọ̀?" Ó sún mọ́ Tíṣà. "Ìwọ lo gbọ́ èdè rẹ̀. Kí ló wí?"

"Ó ní *má bọ̀*."

Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀, ó sì jókòó. "A dúpẹ́. Àbúrò mi, gbọ́ mi. Òkú tó bá ní kí o má bọ̀, òkú rere ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá yí ọ̀rọ̀ padà lọ́jọ́ kan, tó ní kí o máa bọ̀, má dá a lóhùn o. Ìyá wa kì í dáhùn bí wọ́n bá pè é tí kò rí ojú ẹni tó pè é. Ó gbó, ó tọ́."

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Má sọ pé o ti gbọ́. Sọ pé o ò ní í dáhùn."

Tíṣà kò sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n lẹ ìwé mọ́ géètì pápá àtijọ́: wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí síbẹ̀, ọjọ́ Ajé ni kọnkéré yóò bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ katakata ti dúró létí pápá, ẹnu rẹ̀ nílẹ̀. Tíṣà ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti wá bá a pẹ̀lú erùpẹ̀ lórúnkún. *Nǹkan àkọ́kọ́ tí awárin tuntun rẹ bá rí, èmi ni yóò jẹ́.* Bóyá ọ̀rọ̀ lásán ni. Bóyá òrùka wà níbẹ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀, ó fẹ́ rí i kí òkúta tó bò ó, kí ó lè mọ̀ bóyá ńṣe ni ọkọ òun jù ú nù.

Ó dá bátìrì padà sínú awárin, ó gbé e lọ. Ó fì í láti òpó góòlù dé géètì. Ó gbọ́ dò lórí ìṣó, ó gbọ́ mí lórí owó àtijọ́ kan. Kò gbọ́ ohun mìíràn. Nígbà tí ó sún mọ́ òpó góòlù nìkan ni ẹ̀rọ náà ń kùn, tí kò ké, tí kò dákẹ́, bí ẹni méjì tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì. Bí ó bá dúró, kíkùn a dúró. Bí ó bá tún gbé ẹsẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀.

Ó gbé e lọ bá Elétíọfẹ.

"Tíṣà mi," ni ọkùnrin náà wí, ó sì fi ọwọ́ nu àga fún un kó lè jókòó. "Mi ò tà wọ́n o. Àwọn méjèèjì tí ẹ gbé lọ́jọ́ yẹn. Ẹnì kan wá, mo ní wọ́n ti ní olówó wọn."

"Ẹ kọ́kọ́ bá mi gbọ́ èyí. Ó ń kùn."

Ó ṣàlàyé fún un. Elétíọfẹ fi etí sí i, ó tún un tàn, ó tún un pa.

"Kò ṣàìsàn," ni ó wí. "Irú kíkùn báyẹn, ìgbà kan ṣoṣo ni í ṣe é: bí awárin mìíràn tó jẹ́ irú rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ nítòsí. Wọ́n ń gbọ́ ara wọn. Bí ìyàwó ilé méjì ni wọ́n rí, ọ̀kan ò lè dákẹ́ bí èkejì bá ń sọ̀rọ̀. Ta ló ń bá yín rìn ní pápá?"

"Kò sí."

"Ẹlòmíràn ò sí lórí pápá?"

"Èmi nìkan ni."

Elétíọfẹ gbé awárin náà kalẹ̀ sórí tábìlì, ó sì yọ ọwọ́ kúrò lára rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, ó ń to àwọn skúrù kan tí kò nílò títò. Lẹ́yìn náà, bí ẹni tó fẹ́ gba ibòmíràn lọ, ó na ọwọ́ sí awárin méjì tó wà lára ògiri.

"Ẹ jẹ́ ká yan tiyín. Èyí, Ọlọ́gbọ́n ni mò ń pè é. Ó ní ojú, á fi àwòrán hàn yín, á bá yín dákẹ́ lórí gbogbo pàǹtí. Èyí kejì, ẹ má dá a lóhùn. Aláròyé ni. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Ìṣó, òrùka agolo, ohunkóhun tó bá ti ń jẹ́ irin, á pariwo lé e lórí. Ẹ máa gbẹ́lẹ̀ títí ẹ̀yìn yín á fi ké. Ọ̀gá Jórin fúnra rẹ̀ kò fẹ́ irú rẹ̀. Ṣé ẹ rí bọ́tìnnì kékeré tó wà nínú tiyín yìí? Ó ti fi dí ẹnu rẹ̀ láàárín."

"Ó ti fi ṣe kí ni?"

"Ohùn àárín. Ó ti pa á. Nítorí òrùka agolo ni, wọ́n pọ̀ jù ní pápá yẹn. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀ ni ó sọ fún mi pé òun ó dí i, mo sì ní kó rọra, nítorí…"

Tíṣà ti dìde. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá àyà rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sórí ọwọ́ òsì, ó sì dúró síbẹ̀.

Àyà: mí. Ọwọ́… Ẹsẹ̀: dò.

Etí tó ti kú kò lè mọ̀ pé ohùn kan kò jáde. Ọkọ rẹ̀ ti fi ọwọ́ pè é bí ó ṣe máa ń pè é. Ó ti gbé àwo sáyà, ó ti gbé e kọjá lórí òrùka, ó ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí bàtà. Ẹ̀rọ ló jẹ àárín ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. *Máa bọ̀* ló wí. Ó wí i lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó rẹ̀ sì yí ẹ̀yìn sí i.

"Tíṣà? Ṣé kí n fún yín lómi?"

"Ẹ bá mi ṣí i," ni ó wí. "Ẹ ṣí ẹnu rẹ̀."

Elétíọfẹ tẹ bọ́tìnnì náà. Ó bọ́ òrùka tirẹ̀, ó gbé e kọjá lábẹ́ àwo. *Re*, ni awárin wí, ohùn rẹ̀ mọ́ bí ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Tíṣà sunkún níbẹ̀, láàárín àwọn rédíò tí kò sọ̀rọ̀, Elétíọfẹ sì yíjú sí ògiri, ó ń wo Ọlọ́gbọ́n bí ẹni tó ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Èwo ni kí n dì fún yín?" ni ó bi í nígbà tó yá.

"Èyí tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́."

Sátidé ló lọ. Ó wọ bàtà iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, ó ki àkísà sí iwájú wọn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà máa yọ̀ nínú wọn. Ó fi owó bàbà sínú àpò àyà. Ó yọ bátìrì awárin àgbà, ó fi wọ́n sínú tuntun, nítorí àwọn yẹn ló ní iná jù. Ó sì gbé àgbà náà dání, nítorí kò lè fi í sílẹ̀ nìkan nílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a dé géètì.

"Ibí ni mo dúró sí," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Mi ò bá ẹ̀yin aláwárin wọ koríko. Ṣùgbọ́n mo ní etí. Bí ohunkóhun bá pè ọ́…"

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó gbé awárin àgbà ti òpó góòlù, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, nítorí ẹ̀rù ìdí òpó ń bà á. Aláròyé kò purọ́ orúkọ rẹ̀. Ó pariwo lórí ìṣó, ó pariwo lórí bébà tí wọ́n fi ń wé ṣingọ́ọ̀mù, ó pariwo lórí òrùka agolo títí Tíṣà fi ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ kíláàsì wí. Ibikíbi tó bá ti ké re, a kúnlẹ̀, a gbẹ́ ẹ. Òrùka agolo ni. A dí ihò náà, nítorí òfin ọkọ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ṣí ilẹ̀ ni í bò ó, a sì tún dìde. Oòrùn ń rọ̀. Òjìji ọkọ̀ katakata ti gùn dé àárín pápá. Láti géètì, ẹ̀gbọ́n ní, "Àbúrò mi, ó tó!"

Tíṣà nà ró láti sinmi ẹ̀yìn. Ó pa ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀. Kò sí afẹ́fẹ́. Koríko dúró gbọnin.

Láti ìdí òpó góòlù ni ó ti wá, láti ara awárin tí kò ní bátìrì nínú.

Mí. Re. Dò.

Kò yára. Àyè wà láàárín wọn, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ṣe máa ń lọ láti àyà dé ẹsẹ̀.

"Má dáhùn o!" Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ya. Ó di irin géètì mú lọ́wọ́ méjèèjì. "Àbúrò mi, ẹ̀mí rẹ! Má dáhùn!"

Kò dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lọ, nínú bàtà tí kì í ṣe tirẹ̀, bàtà náà sì wúwo, bí ẹni pé ẹsẹ̀ mìíràn wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn àkísà. Bí ó ti ń sún mọ́ òpó ni ara rẹ̀ ń tutù. Awárin àgbà fi ara ti irin tó ti dógùn-ún, kò mira. Tíṣà wo ilẹ̀. Ó fi ọwọ́ ya koríko.

Àmì àtẹ́lẹwọ́ kan wà lára erùpẹ̀ níbẹ̀. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti dí ihò tán, a fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Òjò ńlá ti rọ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, òjò tó wó ògiri. Síbẹ̀ àmì náà wà, ìka márùn-ún hàn, ọmọńdinrín rẹ̀ kúrú ní oríkèé kan, ibi tí irin ti gé e nígbà èwe. Kò sí àmì òrùka lára ìka tó kàn án.

Ó tan Aláròyé. Ó gbé àwo rẹ̀ kọjá lórí àtẹ́lẹwọ́ náà.

Re. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, láìsí ariwo mìíràn.

Ó gbẹ́ ẹ ní ẹ̀gbẹ́, kó má baà ba àmì náà jẹ́, ṣùgbọ́n ó wó lulẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó di erùpẹ̀ bí erùpẹ̀ yòókù. Òrùka wà nísàlẹ̀, kò jìn rárá. Ọkọ rẹ̀ ti fi ewé kan wé e. Kò sí ohun mìíràn nínú ihò náà: kò sí ìṣúra, kò sí ohun tó rí tó fi fẹ́ pè é wá wò ó. Ó kàn pè é ni. Ó fẹ́ kó wá jókòó ti òun, kí ìjà tán. Nígbà tí kò wá, ó fi òrùka rẹ̀ sílẹ̀ sábẹ́ ilẹ̀, kí ìyàwó má lè ṣe aláìwá lọ́jọ́ mìíràn.

Tíṣà fi òrùka sí àtàǹpàkò rẹ̀. Ó gbà á.

Lẹ́yìn náà, ó kó erùpẹ̀ padà sínú ihò, gbogbo rẹ̀ pátá, títí ó fi kún. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a pẹ̀lẹ́. Àmì ọwọ́ tirẹ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ó dìde, Aláròyé lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdáhùn wà ní ọwọ́ rẹ̀ ṣáájú kó tó rò ó: dò, mí, dò. *Mò ń bọ̀.* Ohun tí wọ́n fi fẹ́ ra ẹ̀rọ náà nìyẹn. Àwo ti sọ̀ kalẹ̀ sẹ́bàá bàtà, kò ju ìbú ọwọ́ lọ. Nídìí òpó, kíkùn kan ti bẹ̀rẹ̀, ó rọlẹ̀, ó ń dúró dè é. Ní géètì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pe orúkọ tí ìyá wọn máa ń fi pè é nígbà tó wà ní kékeré, ó ń pè é, ó ń tún un pè.

Tíṣà gbé àwo náà sókè kúrò lẹ́bàá bàtà. Ó fi ọwọ́ tí òrùka wà sẹ́yìn, kí ẹ̀rọ má baà ké re. Ó gbé àwo sáyà, lórí owó bàbà: mí. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí bàtà òsì: dò. Ó gbé e kọjá sórí bàtà ọ̀tún: dò.

*Ó dàbọ̀.*

Kíkùn náà dákẹ́. Tíṣà dúró títí ó fi dá a lójú. Ó sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tí etí rẹ̀ ti di: àyà, ẹsẹ̀, ẹsẹ̀.